Wáyà, Òwú àti Kùrukùru: Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Fà Sínú?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bi wá léraléra: "Fadá, kí ni nǹkan tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sẹ́nu, tí kùrukùru funfun ń tinú rẹ̀ jáde, tí ó ń ta sánsán bí èso, tí kò sì rùn bíi sìgá?" Àwọn kan ní omi lásán ni. Àwọn mìíràn ní májèlé tí ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ti ìṣáájú kì í ṣe òtítọ́, ti ìkejì náà kò sì tọ́. Òbí tí ó bá fi àsọdùn dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ náà bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ etí ikún sí gbogbo ìkìlọ̀ yòókù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a tó mọ ohun tí a ó sọ.

Tábà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn bàbá wa mu ún nínú ìkòkò, àwọn ìyá àgbà fi aṣáà símú, àwọn àgbẹ̀ Ìséyìn àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn mìíràn sì gbìn ín fún ilé iṣẹ́ sìgá. Nínú sìgá tàbí ìkòkò, iná ni ó ń jó ewé, èéfín ni ó sì ń wọ inú ẹni. Inú èéfín yìí ni ọ̀dà dúdú wà tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun náà ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ olóró wọlé, irú èyí tí ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti yọ iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1963, ará Amẹ́ríkà kan, Herbert Gilbert, kọ ìwé béèrè ẹ̀tọ́ lórí sìgá tí kò ní èéfín. Ìjọba fún un ní ẹ̀tọ́ náà ní 1965, ṣùgbọ́n kò rí ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe é tà. Ní 2003 ni Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà tí òun fúnra rẹ̀ ń mu sìgá, tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì pa bàbá rẹ̀, ṣe irú èyí tí ó wá tàn ká gbogbo ayé. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape.

Kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ń jó, bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Oje kan ni iná bátìrì ń mú gbóná títí yóò fi di kùrukùru. Oje náà kì í ṣe omi o. Glycerine àti propylene glycol ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á fi òórùn dídùn sí i, wọ́n á sì fi nicotine kún un, èyí tí í ṣe oògùn inú tábà tí ń mú kí ènìyàn má lè jáwọ́.

Irú èyí tí a fẹ́ dúró lé lórí lónìí ni èyí tí ẹni tí ó rà á ń tò fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni rebuildable dripping atomizer, tí àwọn ọ̀dọ́ gé kúrú sí RDA. Èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì, tí a ń lò tí a sì ń sọ nù, kò fi iṣẹ́ kankan lé ẹni tí ń lò ó lọ́wọ́. RDA kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni yóò wé wáyà rẹ̀, òun ni yóò ki òwú bọ̀ ọ́, òun náà ni yóò máa kán oje sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá sì tò ó kù-dì-ẹ̀-kù-dì-ẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ni yóò fi gbà á.

Ní òpópónà Jakpa níhìn-ín ní Warri, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé tí ó ní ọ̀kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú u palẹ̀, kí ó sì tún un tò, kí a lè dán an wò lójú ara wa. Ó ní, "Fadá, ẹ jókòó, kò ní pẹ́." Ó yọ ìdérí kúrò. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwo irin kékeré kan wà, òpó irin méjì dúró lórí rẹ̀, síkúrù sì wà lára òpó kọ̀ọ̀kan. Ó mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi irin, chromium àti aluminium pò pọ̀ ṣe, ẹ̀yà irú wáyà tí ń pọ́n nínú sítóòfù oníná mọ̀nàmọ́ná. Ó wé e mọ́ irin róbótó kan nígbà mẹ́fà, ó fa irin náà yọ, ó sì de etí wáyà mọ́ òpó méjèèjì. Ó gbé e lé ẹ̀rọ tí ń wọn ìdènà iná. Nọ́ńbà tí ó hàn ni 0.5 ohm. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, wáyà náà sì pọ́n láti àárín bọ̀ sí etí, èyí tí ó fi hàn pé ó dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ó ki òwú bọ inú rẹ̀, ó sì kán glycerine tí kò ní nicotine sí i títí òwú fi rin. Nígbà tí ó tún tẹ bọ́tìnnì, a gbọ́ "ṣíì" bí ẹ̀fọ́ tí a dà sínú epo gbígbóná, kùrukùru sì bo ojú wa. Àwa kò fà á sínú, ṣùgbọ́n ojú wa rí i.

A bi í pé, "Kí ni 0.5 yẹn túmọ̀ sí?" Ó dáhùn pé, "Fadá, iye tí wọ́n ní kí n máa rí nìyẹn." Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ ọmọ náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìdí rẹ̀.

Ìṣirò náà kò le. Bátìrì tí wọ́n sábà máa ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, nítorí ó fẹ̀ tó mílímítà 18, ó sì gùn tó 65. Bí ó bá kún, agbára rẹ̀ jẹ́ 4.2 volt. Ẹ pín 4.2 sí 0.5, ẹ ó rí 8.4 ampere. Èyí ni iná tí yóò máa sàn. Bí ọmọ náà bá wá de wáyà kejì tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba sí i ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rò pé ìdènà yóò pọ̀ sí i. Rárá o. Ẹ wo bí a ṣe ń jáde lẹ́yìn Máàsì: bí a bá ṣí ilẹ̀kùn kejì, ṣé èrò kò ní yára jáde ni? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná ṣe rí ọ̀nà méjì gbà. Ìdènà á dín sí 0.25, iná tí ń sàn á sì di 16.8 ampere. Wáyà tí ó nípọn tí ó sì kúrú lè mú ìdènà wálẹ̀ dé 0.1, iná á wá di 42 ampere. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bátìrì irú èyí kò gbọ́dọ̀ fún ni ju 20 sí 30 ampere lọ. Bátìrì tí a yọ nínú kọ̀ǹpútà àlòkù, tí a ń rí rà ní owó pọ́ọ́kú, kò tilẹ̀ ní agbára tó ìyẹn.

Àwọn ẹ̀rọ kan ní ọpọlọ kékeré nínú tí yóò dá iná dúró bí ó bá ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀pá irin lásán, kò sí ohun tí ó ń ṣọ́ bátìrì wọn. Ní oṣù karùn-ún 2018, vape bú gbàmù, ó sì pa ọkùnrin ẹni ọdún 38 ní St. Petersburg, ní Florida. Ní oṣù kìíní 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 kú báyìí kan náà ní Fort Worth, ní Texas. Irú ikú yìí kò wọ́pọ̀, a kò sì ní pè é ní ohun tí ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí kò gbọ́dọ̀ gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sẹ́nu.

Ewu kejì wà nínú òwú. Bí oje bá gbẹ tí ènìyàn sì tún tẹ bọ́tìnnì, òwú yóò jó, ohun tí kò yẹ kí ó jó yóò sì di gbígbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ìgbà yìí ni formaldehyde máa ń pọ̀ nínú kùrukùru. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi ṣe formalin, èyí tí a fi ń tọ́jú òkú. Adùn òwú jíjó nínú ọ̀fun jẹ́ ìkìlọ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò.

Ewu kẹta ni ohun tí a ń kán sí i. RDA ń mú kùrukùru púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà oje tí nicotine rẹ̀ le, tí a ṣe fún ẹ̀rọ kékeré, kò yẹ fún un rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti 2019 títí di oṣù kejì 2020, ènìyàn 2,807 ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ó tinú vape wá gbé dé ilé ìwòsàn tàbí tí ó pa. 68 nínú wọn ni ó kú. Ohun tí ó jẹ yọ jù nínú ìwádìí ni òróró vitamin E acetate tí àwọn kan fi lú oje igbó. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń pa ni, ohun tí a kò mọ orírun rẹ̀ náà ń pa ni. Ìgò oje fúnra rẹ̀ léwu nínú ilé. Ní oṣù kejìlá 2014, ọmọ ọdún kan kú ní Fort Plain, ní ìpínlẹ̀ New York, nítorí pé ó gbé oje nicotine mì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgò tí ń ta sánsán bí èso wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó kù pẹ̀lú. Àwọn elétò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ewu vape kéré ju ti sìgá lọ fún àgbàlagbà tí ń mu sìgá, bí ó bá kọ sìgá sílẹ̀ pátápátá. Àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí kò mu sìgá rí, pàápàá ọmọdé, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi òfin de vape àlòsọnù láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, òfin 2015 lórí tábà ka títa tábà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ohun tí ó lè ran bàbá kan lọ́wọ́ láti bọ́ lóko ẹrú sìgá lè sọ ọmọ rẹ̀ di ẹrú nicotine.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá jẹun níhìn-ín, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé lókèèrè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Nílé, òórùn sìgá ni ó ń tú àṣírí ọmọ fún ìyá àgbà nínú agbo ilé. Kùrukùru yìí kò ní òórùn èéfín, agbo ilé kò sì sí níhìn-ín. Kò sí ẹni tí yóò bá yín gbọ́ òórùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí wáyà wíwé, òwú àti ìgò kékeré nínú àpò ọmọ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pariwo. Ẹ pè é jókòó. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé fún yín ohun tí 0.5 túmọ̀ sí, ibi tí ó ti ra bátìrì, ẹni tí ó po oje náà, àti bóyá ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìfà á. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ̀yin á lè dáhùn báyìí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a sì fi òtítọ́ kọ́, bí ó tilẹ̀ ṣìnà lónìí, yóò mọ ẹni tí òun lè padà wá bá.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín.