Ojú Funfun Kọ́ Ni Ẹ̀rí Pé Mẹ́dọ̀wú Ti Lọ

Ẹ̀yin ìyálọ́jà Gánmọ, ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ̀yin aránṣọ àti mẹkáníìkì ojú títì Ìlọrin sí Àjàṣẹ́, ẹ gbọ́ ná.

Bí ojú ènìyàn bá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà pọ́n, a ó ní ibà pọ́njú ni, kí ó lọ wá àgbo mu. Bí ojú bá mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á ní ó ti tán, ẹni tó se àgbo á gba ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ mẹ́dọ̀wú B ló fà á, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ara wọn ń lé e lọ fúnra rẹ̀, wọ́n mu àgbo, wọn ò mu.

Ẹni tó kó o ní ìkókó ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú tirẹ̀ lè má pọ́n rárá. Á máa tajà, á máa jó lóde, kòkòrò náà á máa bímọ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, kí ẹ̀dọ̀ tó le gbagidi, tàbí kí jẹjẹrẹ tó dé.

Ta ló wá rí i níbi tó ti ń bímọ? Ẹ̀dọ̀ alààyè kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí a lè ṣí wò. Inú abọ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń sin ín. Ní 1976, Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa mú díẹ̀ lára jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọkùnrin ará Mòsáḿbíìkì kan, wọ́n fi omi oúnjẹ bọ́ ọ, ó sì ń dàgbà. Èèpo kòkòrò nìkan ló ń tú jáde, kò sí odidi. Ní 1987, Sells àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mount Sinai, New York, fi àṣẹ ìbímọ kòkòrò náà sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ti ara ọmọkùnrin Ajẹntínà kan wá. Odidi kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú abọ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa èkùrọ́, ẹ wo èyí: nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, èèpo òfìfo tó 1,000, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, sí odidi ẹyọ kan. Èèpo kò lè ran ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ gbà pé ńṣe ni kòkòrò fi ń tan àwọn ọmọ ogun ara wa, kí wọ́n máa lé èèpo kiri. Olè ni, ó gbọ́n.

Àwa náà ti fi ọgbọ́n rẹ̀ mú un. Láti 1986 ni wọ́n ti ń lo ìwúkàrà, irú èyí tí oníbúrẹ́dì ń lò, láti ṣe èèpo yẹn. Òun ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Ó wọ ètò abẹ́rẹ́ ọmọdé Nàìjíríà ní 2004. Àkọ́kọ́ yẹ kí ó wọ ara ọmọ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìyá ti ń kó o ran ọmọ.

Èèpo yìí kan náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá. Ẹni tó bá ní àgbo òun wo mẹ́dọ̀wú, kò gbọ́dọ̀ fi ojú funfun hàn wá. Kí ó fi ìwé àyẹ̀wò hàn. Bí èèpo bá ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kòkòrò ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn.

Oògùn dókítà, bíi tenofovir, ń dá ìbímọ rẹ̀ dúró, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan o. Ní ti ká jọ jẹun nínú àwo kan, ìyẹn kì í ràn án.