Igbó Orí Òkè ni Ìyá Olúmirin

Ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni a sábà máa ń bá yín sọ; ní ọ̀tẹ̀ yìí, ìrìn àjò ni a fẹ́ pè yín sí.

Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni omi ọ̀sọọrọ̀ tí à ń pè ní Olúmirin wà. Ìpele méje ni ó fi ń já bọ́ láti orí òkè. Ìtàn sọ pé obìnrin kan, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó tẹ ìlú náà dó. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dúró sí. Wọn a wẹ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le ni ó ń gòkè síwájú, nítorí ọ̀nà náà ga, àpáta rẹ̀ a sì máa yọ̀. Ní ìgbà òjò, a ó ti máa gbọ́ ariwo omi náà láti òkèèrè. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a dínkù, ṣùgbọ́n òkè náà a rọrùn láti gùn.

Kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú èyí? Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí òjò bá dá, níbo ni omi ti ń wá? Igbó orí òkè ni ó fi í pamọ́. Ewé a gba ẹ̀kán òjò dúró, ilẹ̀ a mu ún, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú odò. Bí a bá ṣán igbó náà tán tí a sì dáná sun ún, àgbàrá yóò gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Odò yóò kún lónìí, yóò gbẹ lọ́la. Ilẹ̀ oko pàápàá yóò sì ṣá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí oko yín wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́:

Ẹ jẹ́ kí igi ó wà ní bèbè odò lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ kọ ebè yín ní ìbú òkè, kì í ṣe láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn sínú odò, nítorí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu nínú rẹ̀.

Èrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ebi a máa pa ẹni tí ó gun òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti àgbàdo sísun tí ẹ bá tà fún àlejò ní ẹsẹ̀ òkè kò ní owó ọkọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ, àlejò kì yóò wá mọ́.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tiwa gbẹ.