Ẹni Tó Jókòó sí Ẹ̀yìn Kíláàsì

Láàárín àwọn ọdún 1980, nínú kíláàsì kan nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wọn gígùn nǹkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó ti gé páálí pélébé pélébé sílẹ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì pín okùn fún wọn. Àwọn ọmọ fi okùn wọn ara ẹnì kejì wọn, wọ́n yí okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ka ìyípo rẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà.

Ní ẹ̀yìn kíláàsì, obìnrin ará Ọsirélíà kan jókòó, ó ń wò wọ́n. Helen Verran ni orúkọ rẹ̀, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Òun ló fi ẹ̀kọ́ yìí han ọ̀dọ́mọkùnrin náà, àmọ́ bí òun ṣe fi hàn án kọ́ nìyí. Ẹ̀rín ń pa Verran, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìdáhùn wọn sì ń bọ́ sójú ẹ̀.

Kí ni tíṣà yìí mọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀? Báwo sì ni a ṣe lè mú kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì? Ìjọba àti àwọn àjọ ńlá ti ná owó gọbọi lórí ìbéèrè kejì yìí. Ohun tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa padà síbi kan náà: àga tó wà lẹ́yìn kíláàsì, àti ẹni tí a gbà láyè kó jókòó síbẹ̀.

Ìṣòro náà kì í ṣe kékeré. Ní 2017, Tessa Bold àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà àti Tógò wà nínú wọn, pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Mòsáńbíìkì, Sẹ̀nẹ̀gà, Tàǹsáníà àti Ùgáńdà. Wọ́n rí i pé nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 50 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ẹ̀kọ́ gan-an lójúmọ́, ìyẹn sì fi díẹ̀ ju ìdajì àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ là sílẹ̀ fún un. Wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé: ẹ jẹ́ kí àwọn tíṣà padà lọ kọ́ ìṣirò sí i. Ìyẹn nìkan kò tó.

Ní 1999, Liping Ma tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà àti 72 ní Ṣáínà. Ó ní kí wọ́n ṣe 1¾ ÷ ½. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án péré ló ṣe é délẹ̀ tó sì gbà á. Gbogbo àwọn ará Ṣáínà ló gbà á: 3½ ni. Lẹ́yìn èyí ló wá béèrè ohun tó le jù: kí wọ́n sọ ìtàn kékeré kan tí ọmọdé fi lè rí ohun tí ìṣirò náà ń sọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ló rí ìtàn tó bá a mu. Ọ̀pọ̀ wọn ló pín nǹkan sí méjì, wọ́n rò pé pípín pẹ̀lú ìdajì àti pípín sí méjì kò yàtọ̀.

Ìyá tó ń ta gaàrí kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nídìí igbá rẹ̀. Bí ohun tó kù nínú àpò bá jẹ́ kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kóńgò, tó sì jẹ́ àbọ̀ kóńgò ló fi ń wọ̀n ọ́n, yóò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì ku àbọ̀ òṣùwọ̀n kan. Ìyẹn ni 3½. Àmọ́ bí ó bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì pín gaàrí náà lọ́gbọọgba, ọ̀rọ̀ ti yí padà, kóńgò kan kò ní pé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Tíṣà tó mọ ìyàtọ̀ yìí, tó sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ yóò ti ṣìnà, ní ìmọ̀ kan tí ìwé ẹ̀rí ìṣirò kò lè fi hàn.

Lee Shulman, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ló pe àkíyèsí ayé sí ìmọ̀ yìí ní 1986. Ó ní ó yàtọ̀ sí mímọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń darí kíláàsì. Òun ni ìmọ̀ nípa àpẹẹrẹ tó ń ṣí orí ẹ̀kọ́, ìbéèrè tó ń tú àṣìṣe síta, àti ibi tí ọmọ sábà máa ń há sí. Ìmọ̀ báyìí ṣòro láti gbà nínú gbọ̀ngàn tí ẹnì kan ti ń ka ìwé fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ: ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣe é ni a ti ń kọ́ ọ.

Àwọn ará Jàpáánì ti ń lo ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń pè é ní jugyō kenkyū, ìyẹn ni pé kí a wádìí inú ẹ̀kọ́ fínnífínní. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan yóò mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò jọ kọ nóòtì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò kọ́ ọ, àwọn yòókù yóò dúró ti ògiri, wọn yóò máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ àti ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Láwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọn a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tètè máa lọ ilé lọ́jọ́ náà, kí gbogbo olùkọ́ lè wá wo kíláàsì kan yìí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọn yóò jókòó, wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò tún un ṣe, ẹlòmíràn yóò sì tún un kọ́ fún kíláàsì mìíràn.

Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Tsuta ní agbègbè Hiroshima jẹ́ kí Makoto Yoshida, olùwádìí kan, tẹ̀ lé wọn lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyọkúrò fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni wọ́n mú, 12 − 7 sì ni ìṣirò tó jáde nínú ìjíròrò wọn. Ẹni tí kì í ṣe tíṣà lè béèrè pé kí ló wà nínú 12 − 7 tí àgbà yóò fi máa jiyàn lé e lórí. Bó bá jẹ́ 12 − 1 ni, ọmọ yóò kàn ka ìka padà, kò ní rò ó jìnnà. Ṣùgbọ́n 7 kò ṣeé yọ kúrò nínú 2. Ọmọ kan yóò yọ 7 kúrò nínú 10, yóò ku 3, yóò fi 2 kún un. Òmíràn yóò kọ́kọ́ yọ 2, kó tó wá yọ 5 nínú 10. Ọ̀nà méjì ti yọ lójú pátákó, ọ̀rọ̀ sì ti dé láàárín àwọn ọmọ.

Tíṣà tó bá ń sọ Yorùbá ní ohun tí ará Jàpáánì kò ní níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ọmọ tó ń ka márùndínlógún ti ń yọ 5 kúrò nínú 20 kó tó mọ àmì ìyọkúrò. Nínú márùndínláàádọ́ta, a yọ 5 kúrò nínú 50, bẹ́ẹ̀ ni àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan gbáko wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí àwọn olùkọ́ bá lè jókòó papọ̀ kí wọ́n ronú bí wọn yóò ṣe gbé e síwájú ọmọ.

Ọgbọ́n Jàpáánì gba orí òkun dé Áfíríkà. Ní 1998, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Jàpáánì, JICA, àti ìjọba Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní SMASSE, láti tún àwọn olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Agbègbè mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kárí orílẹ̀-èdè náà láti 2003. Ìlànà wọn kò lọ́jú pọ̀: kí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, kí ẹ̀kọ́ dá lórí ọmọ, kí a máa dán nǹkan wò, kí a sì máa fi ohun tó wà nítòsí ṣe ohun èlò. Kí olùkọ́ ṣètò, kó ṣe é, kó wò ó, kó tún un ṣe.

Fífi ohun tó wà nítòsí ṣe ohun èlò kì í ṣe àrà lásán. Níbi tí kò sí kẹ́míkà, omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò lè fi ásíìdì hàn. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, yóò pupa gidi. Bí a bá da omi eérú sí i, yóò yí sí àwọ̀ ewéko. Ọmọ tó fi ojú ara rẹ̀ rí i ní ohun tó lè béèrè lọ́wọ́ tíṣà.

Ní 2006, ètò náà dé Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ di SMASE, àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dojú kọ, Kaduna, Niger àti Plateau ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NTI, tó wà ní Kaduna, ni ibùdó rẹ̀.

Bí ìmọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú irú ètò yìí rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn ọ̀gá díẹ̀ yóò kọ́ àwọn olùkọ́ni ti agbègbè, àwọn wọ̀nyẹn yóò kọ́ tíṣà. Owó kékeré ló fi ń kárí ènìyàn púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó ti da epo láti kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, tó tún dà á láti ìgò sínú àtùpà, mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń débẹ̀. Ohun tí ọ̀gá sọ ní olú ìlú lè ti di òfìfo ọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ tíṣà tó wà ní abúlé. Bí kò bá sì sí ẹni tó tẹ̀ lé tíṣà náà dé kíláàsì, ta ni yóò mọ̀?

Zambia gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2005, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ JICA kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Central, wọ́n sì gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wọ inú ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yóò mú ibi tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn yóò jọ ṣètò ẹ̀kọ́, wọn yóò kọ́ ọ, wọn yóò wò ó, wọn yóò tún un kọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni, tó ń yí po.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìdánwò kan ti wáyé ṣáájú àwọn ètò JICA wọ̀nyí, èdè ló sì dá lé. Ní January 1970, Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ èso rẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá pọ́ńbélé kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ìwé tuntun nìkan kọ́ ni ètò bẹ́ẹ̀ nílò. Olùkọ́ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní láti tún ọ̀rọ̀ rò. Ẹ mú "agbára" wò. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Yorùbá fi ń pe ohun tó ń ti nǹkan síwájú, ohun tó wà nínú oúnjẹ àti epo tó ń mú iṣẹ́ ṣeé ṣe, àti bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Nínú físíìsì, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyí. Tíṣà kan lè sọ ọ́ lójú pátákó kó má mọ̀ pé àwọn ọmọ ti dà á rú. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn, tó ń wo ìwé wọn, ni yóò rí i.

Ní 2022, Anna Popova, David Evans àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 33 tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa wé 139 tí ìjọba orílẹ̀-èdè 14 ń náwó lé. Àwọn ètò tó mú ìmọ̀ àwọn ọmọ gòkè dáadáa sábà máa ń dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó, bí ìṣirò. Olùkọ́ a máa gbìyànjú láti kọ́ ẹ̀kọ́ náà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Lílọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà a sì máa ṣe olùkọ́ láǹfààní lẹ́nu iṣẹ́, bí ìgbéga. Àlàfo ńlá wà láàárín ohun tó ń ṣiṣẹ́ yìí àti ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń náwó lé.

Owó nìkan kọ́ ni ìdènà. Ẹni tó bá ti lọ sí TP, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí ọ̀gá bá wọlé pẹ̀lú bírò àti ìwé máàkì. Tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́ kò sì ní ẹni tí yóò fi àwọn ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún kó lè lọ wo ti ẹlòmíràn. Àwọn ará Jàpáánì borí ìbẹ̀rù náà nípa sísọ ẹ̀kọ́ náà di ti gbogbo ilé: nígbà tí wọ́n bá ń tú u palẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń wá àléébù sí, nítorí gbogbo wọn ló jọ kọ nóòtì rẹ̀.

Ní ti Verran, kò fún ọ̀dọ́mọkùnrin olókùn náà ní máàkì òdo kó sì gbàgbé rẹ̀. Ó ń ronú lórí ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan àti bí tíṣà náà ṣe rí ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ohun púpọ̀ tí a kó jọ. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, *Science and an African Logic*, jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago ní 2001. Ẹ̀kọ́ okùn àti páálí tó kọ́kọ́ kà sí àṣìṣe wà lára ohun tó bí i.