Àga Tí Òfin Yà Sọ́tọ̀: Àwọn Obìnrin Nínú Àwọn Àjọ Ilẹ̀ Áfíríkà

Àwọn obìnrin Áfíríkà ti ní ẹgbẹ́ àpapọ̀ kí àwọn ìjọba ilẹ̀ náà tó ní tiwọn, nítorí pé oṣù Keje ọdún 1962 ni wọ́n péjọ sí Dar es Salaam, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tanzania lónìí, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí PAWO sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù Karùn-ún ọdún 1963 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Addis Ababa láti dá àjọ OAU sílẹ̀, ìyẹn àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà (AU) gba ipò rẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn olórí náà. Odindi ọdún 49 ló kọjá kí wọ́n tó dìbò yan obìnrin kan, Nkosazana Dlamini-Zuma ti South Africa, sí ipò alága kọmíṣọ́ọ̀nù AU ní ọdún 2012. Kì í ṣe àìsí obìnrin tí ó kún ojú òṣùwọ̀n ló fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òfin tí ó ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn, ìfẹ́ inú àwọn tí ó wà nípò nìkan ni gbogbo rẹ̀ gbé lé.

Inú ìwé òfin ni ìyípadà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ AU, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé, olú ìlú Togo, ní oṣù Keje ọdún 2000, ka ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin mọ́ àwọn ìlànà tí àjọ náà dúró lé, ṣùgbọ́n ìlànà lásán kì í gbé ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga. Ohun tí ó gbé wọn jókòó ni ìpinnu tí àwọn olórí ṣe ní Durban, ní South Africa, ní ọdún 2002 pé ìdajì àwọn tí yóò darí kọmíṣọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ́fíìsì tí ó ń mú ìpinnu àwọn olórí ṣẹ lójoojúmọ́ ní Addis Ababa, gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹkùn 5 ni AU pín Áfíríkà sí, ìlànà náà sì là á kalẹ̀ pé ó kéré tán, obìnrin kan gbọ́dọ̀ wá láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dìbò ní Maputo, olú ìlú Mozambique, ní ọdún 2003, obìnrin 5 ló wà lára àwọn 10 tí wọ́n yàn. Kò yẹ kí irú ètò yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí pé àyè tí ìlú ti là sílẹ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ni oyè Ìyálóde ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta.

Síbẹ̀, òfin tí kò bá sọ̀rọ̀ tán a máa fi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́yìn àtúntò tí AU ṣe ní ọdún 2018, bí alága bá jẹ́ ọkùnrin, igbákejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, bí obìnrin bá sì ni alága, ọkùnrin ni yóò ṣe igbákejì. Ìlànà náà dára, àmọ́ kò sọ ìgbà tí ipò kìn-ín-ní yóò kan obìnrin. Monique Nsanzabaganwa ti Rwanda di igbákejì alága ní ọdún 2021, Selma Malika Haddadi ti Algeria sì gba ipò náà ní ọdún 2025. Nínú ìdìbò ọdún 2025 yìí, ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó du ipò alága, obìnrin sì ni gbogbo àwọn tí ó du ipò igbákejì.

Ọ̀rọ̀ àga yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àwọn àjọ wọ̀nyí ń kan obìnrin tí kò ní fojú kan Addis Ababa láéláé. Àdéhùn Maputo, tí AU gbà wọlé ní oṣù Keje ọdún 2003, tí ó sì di òfin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ni ìwé àdéhùn tí ó la ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Áfíríkà sílẹ̀, láti orí ìgbéyàwó títí dé orí ìṣèlú. Àdéhùn yìí ni ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Àbújá lò ní ọdún 2017, nígbà tí ó dá ìjọba Nàìjíríà lẹ́bi lórí àwọn obìnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú lójú pópó ní Àbújá, tí wọ́n sì pè ní aṣẹ́wó láìsí ẹ̀rí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 6 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó jàre. Àdéhùn yìí kan náà ni Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Arusha, Tanzania, gbé ìdájọ́ kà ní ọdún 2018, tí ó fi sọ pé òfin ìdílé Mali tí ó fàyè gba fífa ọmọbìnrin ọdún 16 fún ọkọ ta ko ọdún 18 tí àdéhùn náà fi lélẹ̀. Ní ọdún 2006 tí wọ́n kọ́kọ́ yan adájọ́ 11 sí ilé ẹjọ́ Arusha yìí, obìnrin 2 péré ló wà láàárín wọn. Láti ìgbà náà, Sophia Akuffo ti Ghana àti Imani Aboud ti Tanzania ti ṣe ààrẹ rẹ̀.

Ilé aṣòfin ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Òótọ́ ni pé obìnrin, Gertrude Mongella ti Tanzania, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Áfíríkà ní ọdún 2004, òótọ́ sì ni pé Mémounatou Ibrahima láti Togo di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ECOWAS ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n inú ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò lọ síbẹ̀. Aṣojú 5 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń rán lọ sí ti Áfíríkà, obìnrin kan péré ni òfin sì fi dandan mú wọn fi kún un. Àtúnṣe tí AU ṣe sí òfin náà ní ọdún 2014 ní kí ó di obìnrin 2, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i kò tíì tó iye tí yóò sọ ọ́ di òfin.

Nàìjíríà, tí ó ń rán aṣojú 35 lọ sí ilé aṣòfin ECOWAS, ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí mìíràn lọ, kò ní ju sẹ́nétọ̀ obìnrin 4 lọ nínú 109 lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023, àwọn obìnrin inú ilé aṣojú-ṣòfin kò sì tó 20 nínú 360. Odò tí kò lómi lórísun kò lè kún nísàlẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló fọwọ́ sí Àdéhùn Maputo ní ọdún 2004, tí abala kẹsàn-án rẹ̀ ní kí ìjọba ṣe òfin tí yóò mú obìnrin bá ọkùnrin dọ́gba nínú ìṣèlú, síbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 àwọn aṣòfin da àbá tí yóò ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nù. Àbá tí ó jọ ọ́ ti tún dé iwájú wọn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023. Kí olùkà kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀ àti aṣojú agbègbè rẹ̀ ibi tí ó dúró sí lórí àbá yìí, kí ó sì béèrè kí ọjọ́ ìdìbò tó dé.