Ìrísí àti Orúkọ: Wíwo Ìkùukùu NGC 3242 àti Yíyà Á láti Ẹ̀yìnkùlé ní Lọ́kọ́ja

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè fi awò-awọ̀nàjíjìn kékeré, ìyẹn tẹlisikóòpù, wo ìkùukùu kan lójú sánmà kí a sì yà á, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí Yorùbá.

William Herschel, ẹni tó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781, ló rí NGC 3242 ní 1785. Nítorí pé irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ rí roboto bíi pílánẹ́ẹ̀tì, ó fi pílánẹ́ẹ̀tì sọ wọ́n lórúkọ. Ní 1864, William Huggins fi hàn pé gáàsì ni irú wọn. Bí ìràwọ̀ tó dà bí Oòrùn wa bá darúgbó, ó máa ń bọ́ gáàsì ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìtànṣán inú rẹ̀ tó ṣẹ́kù, tó gbóná gidigidi, ló ń mú kí gáàsì náà tàn.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Herschel wà, ìkùukùu yìí kì í ga ju nǹkan bí 20 dígírì lọ. Ní Lọ́kọ́ja, ó máa ń ga tó 64 dígírì, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó dí wa lójú kéré. Ẹ wá a nítòsí ìràwọ̀ Mu Hydrae ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò sì ti fọ eruku ojú sánmà.

Ẹ pa iná, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú lè mọ́ òkùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì tí a fi ọ̀rá pupa bò ni kí ẹ fi ríran sórí ìwé. Ẹ ya òbìrípo kan, ẹ kọ́kọ́ to àwọn ìràwọ̀ sínú rẹ̀, kí ìkùukùu tó tẹ̀lé e. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀ yóò sì hàn. Ẹ fi ìka ra lẹ́ẹ̀dì náà kó lè rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tí ojú rí nìkan ni kí ẹ yà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yà á yóò mọ ìdí tí Herschel fi pè é bẹ́ẹ̀. Àlàyé olùkọ́ ni yóò jẹ́ kó mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá pè é ní “ìkùukùu pílánẹ́ẹ̀tì”, ìrísí lásán ni a sọ lórúkọ. Àbá wa ni “ìkùukùu ìràwọ̀ arúgbó”, kí ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ náà lè gbọ́ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú.