Ṣé O Mọ̀ Pé Àṣẹ Oko Sún Mọ́ Ilé Ju Bí O Ṣe Rò Lọ?

Ṣé o mọ̀ pé ẹja òkun àti ẹja odò kò sí lábẹ́ àṣẹ kan náà ní Nàìjíríà? Ìwé Òfin ọdún 1999 fi ẹja pípa lójú òkun sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó yọ ti odò, ti adágún àti ti gbogbo omi inú ilẹ̀ sílẹ̀. Apẹja tó tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá etíkun ti bọ́ sábẹ́ òfin Àbújá. Èkejì rẹ̀ tó ń ju àwọ̀n sí odò Ògùn kò sí lójú ìlà yẹn rárá. Ìwé Òfin kan náà ló fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣòfin lórí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé bí ajílẹ̀ bá wọ́n, tí ọ̀nà oko sì bàjẹ́, Ààrẹ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bú.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ fi sílẹ̀, gómìnà ni òfin fà á lé lọ́wọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 ló fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa bójú tó o fún àǹfààní ará ìlú. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin náà fún láṣẹ láti fi ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dáko. Ó sì fi òdiwọ̀n sí i: ilẹ̀ oko tí ẹnì kan máa gbà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ, ilẹ̀ ìjẹko ẹran kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 5,000 lọ, àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ìlọ́po mẹ́wàá ilẹ̀ àgbẹ̀ ni òfin gbà kí ẹlẹ́ran ní. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń bá ẹlẹ́ran jà lórí àlà oko kò gbọ́ nípa òdiwọ̀n yìí rí.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Ìbàdàn ló ń dá iye owó lé kòkó? Láti ọdún 1947, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ìjọba Òyìnbó dá sílẹ̀ ló ń ta gbogbo kòkó Nàìjíríà. Nígbà tó di 1954, òfin tuntun sọ àwọn ẹkùn di alágbára, wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà, wọ́n sì pín owó tó wà nínú àpò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irè tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan mú wá. Kòkó ló jẹ́ kí ìpín Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, tóbi jù.

Bí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù náà ṣe ń lọ nìyí. Kí kòkó tó pọ́n, wọ́n á ti kéde iye tí wọn yóò rà á. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ á lọ rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye yẹn, bọ́ọ̀dù á wá tà á lókè òkun ní iye tí ọjà bá ń lọ. Tí ọjà bá gbówó lérí, èlé orí rẹ̀ á wọ àpò bọ́ọ̀dù. Tí ọjà bá já, bọ́ọ̀dù ni kó fi owó tó ti tò jọ gbé àgbẹ̀ ró kí ìyà má baà jẹ ẹ́. Àdéhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tó jọ pọ̀ débi pé ìjọba kò lè wò ó níran. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tó gbé e dúró. Ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 1965 kò fi orúkọ ẹni tó ni owó pamọ́: Ilé Kòkó ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn ilé yẹn, mo sì mọyì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó bi àgbẹ̀ Ìdànrè tàbí ti Òǹdó léèrè bóyá ó fẹ́ fi èlé orí kòkó rẹ̀ ṣe é. Ìwádìí tí Adájọ́ Coker darí ní 1962 tún fi hàn pé kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni owó náà lọ. Apá kan rẹ̀ bá ọ̀nà òṣèlú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àgbẹ̀ ti sọ fún ìjọba Ìbàdàn rí pé ó tó gẹ́ẹ́? Ní ìparí 1968, owó orí wúwo, iye tí wọ́n ń ra kòkó kéré, ọ̀nà oko kò ṣe é gbà, àwọn agbowó-orí sì ń wọ abúlé bí ẹni wọ ojú ogun. Báyìí ni Àgbẹ̀kọ̀yà, ìdìtẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ìjà kò rọlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn ọmọ ogun àgbẹ̀ tí Táfà Adéoyè ṣáájú wọn já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgọ́dì, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ni ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, tí ìjọba sì gé owó orí náà sí pọ́n-ún méjì. Ẹ̀mí ló lọ sí i, ti àgbẹ̀ àti ti ọlọ́pàá. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé ìjọba tó wà nítòsí lè ni àgbẹ̀ lára ju èyí tó wà lọ́nà jíjìn lọ, bí kò bá sí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè.

Ṣé o mọ̀ pé Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe abúlé àgbẹ̀ tó wà ní Ìlọrà, Akùfọ̀, Èrúwà àti Ẹ̀sà-Òkè? Àsìkò tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn fún Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọdún 1959, ni ètò fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù á ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á jọ máa ra irinṣẹ́, wọ́n á sì jọ máa ta irè. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n kó síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ kàwé, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì kárí. Owó tí ètò náà jẹ ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ náà sì fi oko sílẹ̀ lọ sígboro kí igi tó so. Ìjọba Ìlà-Oòrùn lábẹ́ Michael Okpara náà ṣe irú rẹ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti padà sí ilẹ̀ oko ìjọba tó wà ní Fáṣọlá, ó ń gba àwọn oníṣòwò oko láyè níbẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ńkọ́? Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ní 1986, ó tú u ká pátápátá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lówó lè ra kòkó ní iye tí òun àti àgbẹ̀ bá fẹnu kò sí.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó, tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà, ní ilé iṣẹ́ tó lè ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan? Ìmọ̀ta ló wà, oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wà láti 2016, nígbà tí Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé ti Èkó àti Atiku Bagudu ti Kebbi tọwọ́ bọ̀wé pé Kebbi á gbin ìrẹsì, Èkó á rà á. Nígbà ọdún Kérésì ọdún yẹn, ìrẹsì tí wọ́n pè ní LAKE dé ọjà. Ìpínlẹ̀ méjì tó jìnnà síra wọn ló pàdé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni pé ẹ̀rọ Ìmọ̀ta kò lè gbin ìrẹsì fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín ni yóò sọ bóyá yóò máa ṣiṣẹ́ tàbí yóò dákẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Èkìtì ló kọ́kọ́ ṣòfin lòdì sí fífi màlúù jẹko káàkiri nílẹ̀ Yorùbá? Oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni, lábẹ́ Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, Òǹdó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkó sì sọ ọ́ di òfin lọ́dún náà. Ìṣòro kan kù: ìpínlẹ̀ lè ṣòfin, ṣùgbọ́n Àbújá ló ni ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tí ẹran bá jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi máa ń wá Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020.

Ṣé o mọ̀, ní ìkẹyìn, pé Ìwé Òfin dárúkọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ lára ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kópa nínú rẹ̀? Ó wà nínú àfikún kẹrin, lábẹ́ ibi tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn káńsù máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé owó kì í dé ọwọ́ àwọn. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ tààrà sí àpò wọn, kí gómìnà má ṣe gbà á mú mọ́. Nítorí náà, lọ sí káńsù rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè ẹni tó ń darí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà oko lọ́dún yìí, kí o sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́.