Ohun tí ó fara pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì Raji: Ìbàdàn àti ìwákiri fáírọ́ọ̀sì inú kókó

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ tiwa ni láti ka ohun tí a kọ, kí á sì wá ohun tí a kò kọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí fara jọ èyí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dojú kọ sẹ́ẹ̀lì kan tí ojú kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ọgbọ́n mú un jẹ́wọ́. Ìbàdàn wa yìí ni sẹ́ẹ̀lì náà ti ṣẹ̀. Láti Oríta-mẹ́rin, ẹni tí ó bá gba Bẹẹrẹ lọ sí Yemẹtu yóò dé ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ti kọ́kọ́ ń kọ́ṣẹ́ kí a tó ṣí UCH ní 1957. Kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni mo gbé wá o.

1. Àrùn náà

Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Áyálàǹdì tí ń ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí kókó tí ń yọ sí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Kókó yìí yára ju ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ lọ: ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú, eyín a bẹ̀rẹ̀ sí í mì, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìyá a fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ojú ọmọ rẹ̀ mọ́. Burkitt ṣàkíyèsí pé ibi tí ooru àti òjò bá ti pọ̀ ni àrùn náà ti wọ́pọ̀, ó sì fura sí kòkòrò àìfojúrí. Ìbàdàn náà mọ àrùn yìí dáadáa. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ṣiṣẹ́ abẹ níhìn-ín, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé oògùn lè wò ó sàn. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà.

Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr ní London rí fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́ dàgbà láti ara kókó tí a fi ránṣẹ́ láti Ùgáńdà. Orúkọ méjì nínú wọn ni a fi ń pè é títí di òní: Epstein-Barr. Ẹ má ṣe rò pé fáírọ́ọ̀sì yìí nìkan ni ó ń dá kókó sílẹ̀. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ní gbogbo ayé, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí ó ń gbé e kiri láìṣàìsàn. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà, bí ó bá ń kọlu ọmọdé léraléra, àti ìyípadà kan nínú kírómósómù sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n jọ ń pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

2. Sẹ́ẹ̀lì náà

Ní 1963, onímọ̀ nípa àrùn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R. J. V. Pulvertaft, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, gba díẹ̀ lára kókó àwọn ọmọ Nàìjíríà kan, ó sì fi sínú ìgò pẹ̀lú omi tí ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ara tí ó pé, bí a bá mú un kúrò lára, yóò pín fún ìgbà díẹ̀, yóò sì kú. Èyí tí ó ti para dà kò mọ òpin: bí a bá ń bọ́ ọ, títí ayé ni yóò máa pín. Irú rẹ̀ ni Pulvertaft rí. Wọ́n sọ ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ní Raji, láti ara ọmọkùnrin ọdún 11. Wọ́n sọ òmíràn ní Jijoye, láti ara ọmọkùnrin ọdún 7.

Jijoye bí ọ̀wọ́ kan tí a ń pè ní P3HR-1. Ìyẹn ń tú fáírọ́ọ̀sì jáde, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ti sọ apá kan ara rẹ̀ nù, kò sì lè sọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn di aláìkú mọ́. Òdìkejì èyí ni Raji. Bí a ti wù kí a fi awò alágbára wò ó tó, a kì í rí fáírọ́ọ̀sì kan níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é ní aláìnífáírọ́ọ̀sì.

3. Bí ó ṣe jẹ́wọ́

Ní 1970, Harald zur Hausen àti Heinrich Schulte-Holthausen gba ọ̀nà mìíràn. Okùn méjì ni DNA, èkíní bá èkejì mu bí awẹ́ obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Bí a bá fi ooru tú wọn, tí a sì jẹ́ kí wọ́n tutù, okùn kọ̀ọ̀kan yóò máa wá ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n mú DNA fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sàmì sí, wọ́n fi sáàárín DNA Raji, ó sì rí ẹnì kejì níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wà nílé. Kò kàn dáhùn ni. Lónìí a mọ̀ pé ẹ̀dà DNA fáírọ́ọ̀sì bí 50 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì Raji kọ̀ọ̀kan. Nínú àkọlé àpilẹ̀kọ wọn, àmì àyọlò ni wọ́n fi há ọ̀rọ̀ náà, aláìnífáírọ́ọ̀sì. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, ẹni tí ó bá lo irú àmì bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tí ayé ń sọ, láìfọwọ́ sí i.

Ó ku kí a jí i. Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi kọ DNA. Oògùn kan wà, bromodeoxyuridine, tí ó jọ ọ̀kan nínú wọn, thymidine, tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kò fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ́ńsáìmù kan, thymidine kinase, dà bí aṣọ́nà: òun ni ó ń gba thymidine wọlé fún ìlò. Ojú ọ̀nà kan náà ni oògùn yìí ń gbà wọlé láti ba ìwé inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Bí a bá ń fi oògùn náà kún omi sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì yóò kú. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí kò ní aṣọ́nà mọ́. Oògùn kò rí wọn gbé ṣe. Ohun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì tí oògùn kò ràn nìyẹn.

Ní 1972, Berge Hampar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé nínú Raji tí wọ́n ti sọ di irú èyí, àwọn èròjà fáírọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan náà ní ọdún yẹn, Paul Gerber fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn: oògùn yìí ni ó jí fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì tí a ti pè ní aláìnífáírọ́ọ̀sì. Ní ọdún kan náà, Ronald Glaser àti Fred Rapp so sẹ́ẹ̀lì ìdílé Jijoye pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mìíràn, wọ́n sì fi oògùn tí ó jọ èyí fa fáírọ́ọ̀sì jáde nínú àdàlù náà. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi yé wa pé Raji kì í tú odidi fáírọ́ọ̀sì jáde, nítorí pé àwọn apá kan ti gé kúrò lára DNA fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀kọ́ Raji ni pé àìfojúrí kì í ṣe àìsí: fáírọ́ọ̀sì lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì kí ara rẹ̀ má sì hàn. Irú ọgbọ́n yìí, wíwá DNA dípò wíwá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ni zur Hausen tún lò lórí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ó rí fáírọ́ọ̀sì HPV níbẹ̀ ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin wa ní October 2023, orí ìmọ̀ yẹn ni ó dúró lé.

4. Orúkọ náà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tèmi gan-an nìyí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò fún fífa fáírọ́ọ̀sì jáde ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún dídóòlà ẹ̀mí. Wọ́n dóòlà fáírọ́ọ̀sì. Ti ọmọ ńkọ́? Ní ilé-ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì ATCC ní Amẹ́ríkà, CCL-86 ni nọ́ńbà Raji. Ẹni tí ó bá lówó lè rà á. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ ọjọ́ orí ọmọ, ó sọ pé ọkùnrin ni, ó sọ irú àrùn rẹ̀. Kò sọ ilé rẹ̀, kò sọ òbí rẹ̀, kò sọ ohun tí a bi wọ́n kí a tó gba ẹran ara ọmọ wọn. Ní ilẹ̀ yìí, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, orúkọ ṣẹ́ kù, ilé ti sọnù.

Èmi kò sọ pé kí a da ìgò náà nù. Ìmọ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí là, lónìí pàápàá wọ́n ń fi Raji dán ìtọ́jú tuntun fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo ń sọ pé gbèsè ni. Àwọn ẹbí Henrietta Lacks, obìnrin Amẹ́ríkà tí a gba sẹ́ẹ̀lì HeLa lára rẹ̀ ní 1951, parí ẹjọ́ wọn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tí ń tà á ní 2023, lẹ́yìn ọdún 72. Nàìjíríà náà ti ní ìlànà ìwádìí ìlera láti 2007, ó sì béèrè pé kí ẹni tí a fẹ́ lò fún ìwádìí gbà pẹ̀lú òye. Òye kì í sì í wá nínú èdè tí ènìyàn kò gbọ́. Ìyá tí ó gbé ọmọ dé láti Ọjà'ba tàbí Bẹ́yẹrúnkà kò lè fọwọ́ sí ohun tí a kò tíì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún.

Iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí àwọn oníṣègùn bá lè wá fáírọ́ọ̀sì tí kò hàn títí wọn yóò fi rí i, ó yẹ kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀ lè wá ọ̀rọ̀ tí òbí yóò gbọ́ yé, kí a sì kọ́ ọmọ Ìbàdàn pé Raji kì í ṣe nọ́ńbà lára ìgò. Ọmọ ènìyàn ni.